Jẹ́sì Oníkẹ̀kẹ́, Aṣọ Ẹbí Ojú Títì

Tí ẹ bá dé Smyrna, lẹ́bàá Atlanta níbí, láàárọ̀ Sátidé, ẹ ó rí àwọn oníkẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà Silver Comet, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú jẹ́sì tiẹ̀. Ọmọ Yorùbá kò ní béèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe. Aṣọ ẹbí ni. Àwa ọ̀rẹ́ mélòó kan fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Smyrna lọ sí Anniston ní Alabama. Wọ́n ní kí èmi nọ́ọ̀sì, tó ń wọ aṣọ kan náà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ya jẹ́sì tí a ó fi rántí ìrìn náà, pẹ̀lú báàjì aláṣọ tí èèyàn lè rán mọ́ báàgì. Kí n tó mú pẹ́ńsùlù, mo ní kí n kọ́kọ́ mọ ìtàn ná.

Jẹ́sì tí ayé mọ̀ jù ni ti Tour de France, aláwọ̀ ìyeyè. Ní 1919 ni Eugène Christophe kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, kí àwọn èrò lè dá ẹni tó ń ṣíwájú mọ̀. Ohun tí wọ́n sì máa ń sọ nípa àwọ̀ rẹ̀ ni pé bébà ìyeyè ni wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn L'Auto tó dá eré ìje náà sílẹ̀.

Àwa náà mọ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ rántí nǹkan. Ní 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè, àwọn aládìrẹ wa ya ọba àti ayaba sára aṣọ. Òun là ń pè ní adìrẹ Ọlọ́ba. Ọdún kejì ni ọba wàjà, àmọ́ aṣọ ṣì ń sọ ìtàn.

Ṣùgbọ́n aṣọ ẹgbẹ́ tún máa ń sọ ẹni tí wọn ò fẹ́. Ẹ gbọ́ ìtàn Kittie Knox, aránṣọ ní Boston, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ funfun. Ní 1893 ló wọ League of American Wheelmen, ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ńlá Amẹ́ríkà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ náà ṣe ìpàdé ní Louisville, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin wọn pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè di ọmọ ẹgbẹ́. Ní oṣù July 1895, Kittie mú káàdì rẹ̀ lọ sí ìpàdé wọn ní Asbury Park. Aṣọ ìgunkẹ̀kẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló wọ̀. Oṣù yẹn náà ló gba ẹ̀bùn kìíní nínú ìdíje aṣọ ní Waltham. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí káàdì yẹn, ọ̀rọ̀ sì wọ inú ìwé ìròyìn. Ó di 1999 kí ẹgbẹ́ náà tó kọ òfin ọ̀hún sílẹ̀ ní gbangba.

Major Taylor ń kọ́? Aláwọ̀ dúdú ni, ó sì gba ipò kìíní lágbàáyé ní Montreal ní 1899. Nígbà tó kú ní Chicago ní 1932, ibojì òtòṣì tí kò ní orúkọ ni wọ́n sin ín sí. Ní 1948 ni àwọn àgbà eléré kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú owó Frank Schwinn, gbé e lọ síbi tó dáa, wọ́n sì fi òkúta olórúkọ síbẹ̀. Lónìí, orúkọ rẹ̀ wà láyà jẹ́sì àwọn ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ káàkiri Amẹ́ríkà.

Ọ̀nà tí àwa fẹ́ gbà náà ní ìtàn. Silver Comet, ọkọ̀ ojú irin ni tẹ́lẹ̀. Ojú irin àtijọ́ ni wọ́n sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Tó bá dé ẹnu ààlà Alabama, ó so mọ́ ọ̀nà Chief Ladiga títí dé Anniston. Gbogbo ẹ̀ lé ní máìlì 90. Ní May 14, 1961, àwọn Freedom Riders wọ bọ́ọ̀sì kúrò ní Atlanta, aláwọ̀ dúdú àti funfun jọ jókòó pọ̀. Lẹ́yìn ìlú Anniston ni àwọn jàǹdùkú ti dáná sun bọ́ọ̀sì náà. Ní 2017, Ààrẹ Obama sọ ibẹ̀ di ibi ìrántí ti ìjọba àpapọ̀. Tí a bá gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀, tí jẹ́sì wa kàn ní igi ọ̀pẹ àti "Atlanta", a ti fi aṣọ bo ìtàn mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí mo yà nìyí. Ìsàlẹ̀ jẹ́sì jẹ́ àwọ̀ aró bí adìrẹ, àmọ́ èjìká àti òkè ẹ̀yìn jẹ́ ìyeyè, torí aró kì í hàn sí awakọ̀ ní ìdájí. Ìlà ọ̀nà wa gba ẹ̀yìn kọjá, 1961 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Anniston. Mo gbé e sókè ju àpò mẹ́ta ẹ̀yìn lọ, kí ìrán àpò má baà gé e. Nínú kọ́là, àyè wà tí olúkúlùkù á kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ẹbí rẹ̀ àti oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà. Báàjì ní tirẹ̀, rírán ni o, kì í ṣe fífi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ jẹ́sì, torí iná lè ba irú aṣọ yẹn jẹ́.

Gbogbo wa mọ òde tí ẹni tí ò ra aṣọ ẹbí kì í ti í rí oúnjẹ jẹ. Jẹ́sì wọ́n, báàjì ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Torí náà, kí ẹni tó lágbára ra jẹ́sì, kí á sì fi owó orí rẹ̀ ṣe báàjì fún gbogbo ẹni tó bá wá: ẹni tó gun dé Anniston, ẹni tó rẹ̀ lọ́nà, àti ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé omi tẹ̀ lé wa. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ béèrè káàdì lọ́wọ́ wọn.