Gáàsì Ń Kọjá Nísàlẹ̀, Awakọ̀ Ń Wá Epo Lókè

Kí ẹnikẹ́ni ní gáréèjì Akúrẹ́ tàbí ti Oǹdó tó gbọ́ orúkọ CNG rárá ni gáàsì ti ń gba abẹ́ ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wa kọjá. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni ìjọba àpapọ̀ ri ọ̀pá gáàsì ńlá mọ́lẹ̀ láti Escravos lọ sí Èkó, kí ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹgbin lè rí gáàsì lò. Gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ọ̀pá náà gbà. Òun náà ni ilé iṣẹ́ mànàmáná Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́, tí wọ́n ṣí ní 2007, gbójú lé. Awakọ̀ tí ń ná Oǹdó sí Akúrẹ́ kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Epo bẹntiróòlù ni tirẹ̀.

Bí epo bá sì ti gbówó lórí, ọkọ̀ ni ìjọba máa ń kọ́kọ́ mú jáde. Ní 1988, lásìkò SAP, ìjọba Babangida dá ètò ọkọ̀ èrò sílẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2012, epo fò láti ₦65 sí ₦141, ìlú dàrú, wọ́n dá a padà sí ₦97, SURE-P sì kó bọ́ọ̀sì dé. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe nígbà náà. Àwòrán bọ́ọ̀sì tuntun kò wọ́n wa rárá. Ní oṣù Ọ̀pẹ̀ 2020, Ààrẹ Buhari ṣí ètò gáàsì ọkọ̀. Kò pẹ́ tí ariwo rẹ̀ fi rọlẹ̀.

Ní ọjọ́ 29, oṣù Ẹ̀bìbí, 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, jálá epo tí kò tó ₦200 ré kọjá ₦480. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá ètò PCNGI sílẹ̀, tí ó sì ń bá àwọn ọkọ̀ akérò so ohun èlò gáàsì lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọwọ́ ẹgbẹ́ awakọ̀.

Ìrànwọ́ gidi ni, n kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ọkọ̀ náà ṣì lè lo bẹntiróòlù bí gáàsì bá tán. Ṣùgbọ́n gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi sínú silíńdà tí jórinjórin kan jó pọ̀. Ní oṣù Ọ̀wàwà 2024, ọkọ̀ kan bú gbàmù níbi tí ó ti ń ra gáàsì ní Bìní, àwọn ènìyàn sì fara pa; irú silíńdà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ pé ó wà nínú rẹ̀.

Ìṣòro tó ju èyí lọ ni ibi tí a ó ti rà á. Ní 1998, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Íńdíà pàṣẹ kí gbogbo bọ́ọ̀sì Delhi máa lo gáàsì. Ọkọ̀ pọ̀ ju ilé gáàsì lọ nígbà tí àṣẹ náà múlẹ̀, àwọn awakọ̀ sì ń tò fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọ̀pá ńlá tiwa kò gba Akúrẹ́ kọjá. Ọkọ̀ ni yóò máa ru gáàsì gòkè wá láti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ilé gáàsì kan ní Ọ̀rẹ̀, kan ní Oǹdó, méjì ní Akúrẹ́, tí gáàsì kì í tán níbẹ̀, ni èmi ì bá kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìjọba, kí a tó ka iye ọkọ̀ tí wọ́n ti yí padà.