Ẹrú Kú, Ìyá Kò Gbọ́

"Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́; ọmọ kú, ariwo ta; bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀." Òwe yìí ju ẹ̀bẹ̀ àánú fún ẹrú lọ, ọ̀nà jíjìn gan-an ni àwọn àgbà dá lẹ́bi nínú rẹ̀, nítorí ibi tí igbe ọmọ kò ti lè dé etí ìyá ni wọ́n ti ń fi í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ fi ọmọ tirẹ̀ ṣe.

Ìwọ̀fà àtijọ́, ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró fún èlé orí owó tí ẹbí rẹ̀ yá, sábà máa ń wà níbi tí ẹbí mọ̀, gbèsè náà kò sì fara sin. Èyí kò sọ ọ́ di ohun rere, pàápàá fún ọmọdé, ṣùgbọ́n ìsìnrú òde òní bò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2003, a rí àwọn ọmọ tí wọ́n kó láti Zakpota ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta, a sì dá ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sílé. Lọ́dún yẹn kan náà, àjọ Human Rights Watch tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn ọmọkùnrin Tógò tí wọ́n kó wá sí oko ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń fún ní kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oṣù púpọ̀, kí wọ́n gùn ún padà sí Tógò. Ẹ̀tàn ńlá ni kẹ̀kẹ́ yìí: ó jọ owó iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó bá délé lè fa ojú ọmọ mìíràn mọ́ra fún alárinà tí ń kó wọn.

Síbẹ̀, ní Òtu, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti káàkiri Òkè-Ògùn tí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti gbilẹ̀, ọmọ tí ó ń bá òbí rẹ̀ roko lẹ́yìn ilé ìwé kì í ṣe ẹrú, olùṣèwádìí tí ó bá sì ka gbogbo ọmọ tí ó mú ọkọ́ dání mọ́ ẹrú yóò kàn da àgbẹ̀ láàmú lásán ni. Ohun tí ó yẹ kí ó béèrè ni ẹni tí ń gba owó iṣẹ́ náà, bóyá ọmọ náà lè lọ sílé nígbà tí ó bá fẹ́, àti ìgbà tí ìyá rẹ̀ gbóhùn rẹ̀ gbẹ̀yìn. Kò sì gbọdọ̀ béèrè wọn níṣojú ọ̀gá, nítorí ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ti kọ́ láti máa pe ọ̀gá rẹ̀ ní "àǹtí" kò ní sọ nǹkan kan níbẹ̀.

Òfin kò wọ́n wa: àjọ NAPTIP, tí ó ń gbógun ti kíkó ènìyàn ṣòwò, ti wà láti 2003, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2006. Ṣùgbọ́n àwọn tí ojú wọn ń tó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó gbọ́ ni awakọ̀, olùkọ́ àti baálẹ̀ abà, àwọn ni ó sì yẹ kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀.