Ìbéèrè Kan ní Etí Ọ̀sà Àgbádárìgì

Ẹni tó bá dé etí ọ̀sà Àgbádárìgì yóò rí i pé omi náà dákẹ́ rọ́rọ́, bí ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀ràn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó kọjú sí i jẹ́ ọ́fíìsì ìjọba amúnisìn tẹ́lẹ̀; ọdún 1863 ni wọ́n kọ́ ọ. Ṣẹkẹṣẹkẹ tí wọ́n fi de ẹrú wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé Ṣèríkì Williams Abass ni ọ̀rọ̀ ti wọ̀ wá lára jù. Wọ́n kó ọmọ ilẹ̀ Yewa yìí lẹ́rú ní kékeré, ó dé Brazil, ó padà wálé, òun náà sì di oníṣòwò ẹrú. Ìtàn sọ pé yàrá 40 ni wọ́n ń sé ẹrú mọ́ nínú ọgbà náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹni tó ti mọ oró ìdè, báwo ló ṣe tún de ẹlòmíràn?"

Ó rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi ru Òyìnbó. Lóòótọ́, àwọn ló ni ọkọ̀, ṣùgbọ́n àwa náà jagun, a kó ara wa, a sì tà. Mo rán ọmọ náà létí Àjàyí Crowther: wọ́n kó o ní Òṣóogùn ní 1821, ní 1845, ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì yìí kan náà, ẹni tó ti ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ èdè wa sínú ìwé. Ìdè kan náà, ọ̀nà méjì.

N kò lè sọ pé mo dáhùn tán. Ẹ mú àwọn ọmọ yín débẹ̀, kí ẹ má sì pa ìbéèrè mọ́ wọn lẹ́nu.