Ẹ̀rọ àyẹ̀wò tuntun fún ilé ìwòsàn ìlú yín: Ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó náwó

Táwọn ọmọ ìlú bá ń dáwó láti ra ẹ̀rọ fún ilé ìwòsàn, "Èló ni?" ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni: kí làwọn tó máa lò ó fẹ́ fi ṣe? A kì í bá àgbẹ̀ ra ọkọ́ láì bi í irú èyí tó ń lò.

Ẹ jẹ́ ká fi Ifẹ̀wàrà ṣe àpẹẹrẹ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Atákúnmọ́sà, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àgbẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó ń wa wúrà wà níbẹ̀, ọlọ́kadà náà ò gbẹ́yìn. Tí àìsàn bá le, Wesley Guild ní Iléṣà tàbí OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ń gbé èèyàn lọ. Abẹ́ OAUTHC náà ni Wesley Guild wà. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó máa jẹ́ kí dókítà tètè mọ ẹni tó gbọ́dọ̀ lọ àti ẹni tó lè dúró ló yẹ kó ṣáájú nírú ìlú bẹ́ẹ̀.

Kí ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe?

*Skáànù aláboyún:* Ìró ló ń lò, kò ní ìtànṣán tó léwu. Òmíràn ṣeé gbé lọ́wọ́, bátìrì sì lè gbé e. Láti 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti ní kí aláboyún ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Ó ń fi ìbejì hàn, ó ń fi hàn bí ibi ọmọ bá dí ojú ọ̀nà. Ó tún lè fi ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú ikùn hàn lẹ́yìn ìjàǹbá ọ̀kadà.

*X-ray:* Wilhelm Röntgen ló ṣàwárí ìtànṣán yìí ní Jámánì lọ́dún 1895. Egungun tó kán àti àyà ló wúlò fún jù, títí kan ikọ́ ife. Lọ́dún 2021, WHO fọwọ́ sí i pé kọ̀ǹpútà lè ka àwòrán àyà láti wá ikọ́ ife lára ẹni tó ti pé ọdún 15. Àmọ́ yàrá rẹ̀ nílò ààbò bí òjé, ó sì nílò ìwé àṣẹ àjọ NNRA.

*CT scan:* Ó dára fún orí tó fara pa àti rọpárọsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ iná tó dúró ṣinṣin, yàrá tútù àti ẹni tó mọ àwòrán kà.

*MRI:* Ilé ìwòsàn ńlá ló lè bọ́ ọ. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ìbéèrè márùn-ún

1. Irú aláìsàn wo lẹ ń rí jù? Ìtọ́jú ta ni àwòrán yìí máa yí padà?
2. Ta ló máa lò ó, pàápàá lóru? Ta ló máa ka àwòrán náà?
3. Tí iná bá lọ ńkọ́? Ṣé sólà tàbí jẹnẹrétọ̀ lè gbé e?
4. Níbo la ti máa rí ẹni tó máa tún un ṣe? Ṣé owó àtúnṣe àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà nínú àdéhùn?
5. Ṣé agbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì àti radiographer ti dán an wò kí ẹ tó sanwó?

Kì í ṣe dókítà àgbà nìkan lẹ máa bi. Agbẹ̀bí tó ń gbẹ̀bí lóru mọ ohun tí ọ̀gá tó ń lọ sílé nírọ̀lẹ́ lè má mọ̀.

Ẹ̀bùn ńkọ́?

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2011 fi hàn pé nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn láwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò ti pọ̀ ni kò ṣiṣẹ́. Ohun tí WHO ń sọ fún àwọn tó fẹ́ fi ẹ̀rọ tọrẹ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹni tó fẹ́ gbà á nílò.

Tí wọ́n bá tún gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wá sórí WhatsApp ẹgbẹ́ ìlú yín, kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìdáhùn àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn sí ìbéèrè márùn-ún yìí síta.