Ìbọn Ìléwọ́ Kékeré: Ta Ló Ń Jẹ́rìí Pé Ó Dára?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí: bí ilé iṣẹ́ kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìbọn ìléwọ́ kékeré jáde, irú èyí tí èèyàn ń fi sápò, báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó dára? Ta ló ń jẹ́rìí sí i?

Revolver ni mò ń sọ. Ó ní ìlù kékeré kan láàárín, ihò bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà wà nínú ìlù náà, ọta kọ̀ọ̀kan nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ìka bá fà á, ìlù á yí, òòlù ẹ̀yìn á sún sẹ́yìn, á sì já lu ìdí ọta. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti 1959 fi í sára àwọn tó kà léèwọ̀ fún aráàlú, nítorí náà mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ wá a kiri. Amẹ́ríkà ni ìtàn yìí ti wáyé, ibẹ̀ náà la ó sì jókòó sí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti ra fóònù tó ń dán rí, tí bátìrì rẹ̀ kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọdún tí ilẹ̀kùn ṣí

Ní 1855, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rollin White gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ìlù ìbọn tí wọ́n lu ihò rẹ̀ já láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ọta lè gba ẹ̀yìn wọlé. Smith & Wesson gba àṣẹ náà lò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń san sẹ́ǹtì 25 fún un lórí ìbọn kọ̀ọ̀kan. Ní 1857 wọ́n gbé ìbọn kékeré wọn àkọ́kọ́ jáde, ó ń gba ọta méje. Títí di 1869, kò sí ẹlòmíràn tí òfin gbà láyè láti ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Ní 1869, àṣẹ náà parí. Ilẹ̀kùn ṣí. Ilé iṣẹ́ ńlá àti kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìbọn àpò olówó pọ́ọ́kú. Wọ́n fi nickel pa á lára, ó ń dán gbinrin. Wọ́n fún un ní orúkọ alágbára bíi Defender, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni orúkọ ẹni tó ṣe é kò sí lára rẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn dáadáa: orúkọ ọjà wà, orúkọ ẹni tí o lè lọ bá jà kò sí. Ojú lásán ni oníbàárà fi ń ṣe ìdájọ́. Àwọn àgbà wa ní aṣọ ńlá kọ́ ni èèyàn ńlá.

Ilẹ̀ tí kò ní ilé ìdánwò

Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Láti 1637 ni ẹgbẹ́ àwọn aṣèbọn London ti ní àṣẹ láti dán ìbọn wò, Birmingham sì ní ilé ìdánwò tirẹ̀ láti 1813. Iṣẹ́ wọn kò le: wọn á rọ ẹ̀tù tó pọ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ sínú ọ̀pá ìbọn, wọn á yìn ín. Bí kò bá bẹ́, wọn á lu òǹtẹ̀ sí i lára. Birmingham yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ìbọn tí àwọn oníṣòwò kó wá sí etíkun ilẹ̀ wa ti wá, àwọn ọdẹ wa kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tí ṣakabùlà tó bẹ́ lè fi ọwọ́ èèyàn ṣe.

Amẹ́ríkà kò dá irú ilé ìdánwò tí òfin fi dandan lé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tó ṣe ìbọn ló ń dán ìbọn rẹ̀ wò, òun náà ló ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Nígbà tó di 1972, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣọ́ ọjà tí aráàlú ń rà, kí ó má pa wọ́n lára. Àjọ náà lè ní kí wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì ọmọ àti ohun ìṣeré padà lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n òfin yọ ìbọn kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Bó bá já bọ́ ńkọ́?

Inú àpò ni ìbọn kékeré ń gbé, ó sì rọrùn kó já bọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìbọn àtijọ́, imú òòlù sinmi lé ìdí ọta gan-an. Bó bá já bọ́ tó fi ẹ̀yìn lu ilẹ̀, ó lè yìn fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́gbọ́n fi máa ń fi ihò kan sílẹ̀ lófìfo.

Ní àwọn ọdún 1890, ilé iṣẹ́ Iver Johnson ní Massachusetts rí ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n ya òòlù sọ́tọ̀ kúrò lára abẹ́rẹ́ irin tó ń gún ìdí ọta, wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ kan sáàárín. Àfi bí ìka bá fà á dópin ni irin náà á gòkè láti gbé agbára òòlù dé ara abẹ́rẹ́. Nínú ìpolówó wọn, wọ́n ní kí èèyàn fi òòlù lu òòlù ìbọn náà, kò ní yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ìbọn olówó pọ́ọ́kú ni o! Owó gọbọi nìkan kọ́ ló ń bí ohun tó dára.

Ṣùgbọ́n ìbọn tó dára kì í béèrè ọwọ́ tó dì í mú. Iver Johnson ni Leon Czolgosz fi yìnbọn lu Ààrẹ McKinley ní Buffalo ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, 1901. Iver Johnson náà ni Sirhan Sirhan fi pa Robert Kennedy ní oṣù kẹfà, 1968.

Orúkọ ńlá náà kò dí ikú lọ́nà. Ní 1944, ìbọn Smith & Wesson kan já bọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ológun, ó yìn, ó pa atukọ̀ kan. Ìbọn ọ̀hún tóbi díẹ̀ ju ti àpò lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kan gbogbo wọn. Wọ́n yára tún irin tó ń dí òòlù lọ́nà ṣe. Nígbà tí wọ́n fi han àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ní Colorado Springs ní 1950 pé ìbọn kékeré ọlọ́ta márùn-ún dé, èyí tí a mọ̀ sí Chiefs Special, ẹ̀jẹ̀ ti san owó ẹ̀kọ́ yẹn.

Òfin tó wo ẹnu ọ̀nà, tí kò wo inú ilé

Lẹ́yìn ikú Kennedy, òfin ìbọn 1968 dé. Wọ́n fi máàkì lé ìbọn tó ń ti òkèèrè wọlé. Revolver gbọ́dọ̀ gba máàkì 45, ọ̀pá rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrú ju íǹṣì 3 lọ. Wọ́n á ju ohun tó wúwo tó ìbọn náà láti íǹṣì 36 lé ẹ̀yìn òòlù rẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún.

Ìdánwò gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu ibodè nìkan ló dúró sí. Ilé iṣẹ́ Röhm ti Jámánì ń ta ìbọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń pè ní RG. Nígbà tí ìbọn odindi kò lè wọlé mọ́, wọ́n ń kó ẹ̀yà ara rẹ̀ wọlé, wọ́n ń tò ó pọ̀ ní Miami. Ìbọn tó bá di ti ilé, kò sí ẹni tó ń béèrè máàkì lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, 1981, RG 14 ni John Hinckley fi yìnbọn lu Ààrẹ Reagan àti ẹni mẹ́ta mìíràn.

Díẹ̀díẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan dìde. Ní 1988, Maryland ní kí ìgbìmọ̀ kan máa kọ orúkọ ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n lè tà, aráàlú sì dìbò fọwọ́ sí i. Òfin California ti 1999 ní kí wọ́n yìn ín ní ìgbà 600, kí wọ́n sì jù ú sórí kọnkéré láti ibi tó ga ju mítà kan lọ díẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù, ọwọ́ ẹni tó rà á ni ìdájọ́ ṣì wà.

Ti òde òní ńkọ́?

Ìbọn àpò tòní fúyẹ́ gan-an. Aluminium dé sínú wọn láti àwọn ọdún 1950, titanium tẹ̀lé e, Ruger sì fi ike kún tirẹ̀, LCR, ní 2009. Ìfúyẹ́ dùn lápò, ṣùgbọ́n ó ní ìyà tirẹ̀: ìbọn fífúyẹ́ ń ta padà sọ́wọ́ gan-an. Nínú ìta-padà yẹn, òjé ọta tó ṣì wà nínú ihò mìíràn lè yọ́ kúrò nínú kòròfo rẹ̀, kó yọrí síwájú ìlù, kó sì há ìlù náà mọ́lẹ̀. Ìjù-sílẹ̀ lórí kọnkéré kò lè fi èyí hàn.

Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í fi ń wo dídán. Wọ́n á kọ́kọ́ rí i dájú, lẹ́ẹ̀mejì, pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Wọ́n á rọra fà á, wọ́n á wò bóyá ìlù há sí ààyè rẹ̀ kí òòlù tó já, ní ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ihò kò bá ṣe déédéé pẹ̀lú ọ̀pá ìbọn, òjé á fá, èérún rẹ̀ á fò sójú èèyàn. Wọ́n á wò bóyá ọ̀pá ìbọn dúró gbọnrangandan tàbí ó yẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e lọ sí pápá, wọ́n á yìn ín léraléra pẹ̀lú irú ọta tí wọ́n máa gbé gan-an.

Èrò tèmi rèé. Dídán, orúkọ àti iye owó, ẹlẹ́rìí tí kò dá èèyàn lójú ni gbogbo wọn. Ìdánwò tí ìbọn lè kùnà nínú rẹ̀ nìkan ni ẹlẹ́rìí tòótọ́, ó sì sàn kí ẹni tí kò jèrè lórí ọjà náà ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ ṣùnùkùn, ojú ṣùnùkùn la fi ń wò ó. Láti 1869 títí di òní, ibikíbi tí wọn kò bá ti ṣe ìdánwò yẹn nílé iṣẹ́, inú àpò ẹnìkan ni wọ́n ti ń ṣe é.