Ta Ni Yóò Ṣílẹ̀kùn?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ijoku jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú mẹ́tàlá tó kó ara wọn jọ di Ṣágámù ní 1872. Ogun ló kó wọn jọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà; bí wọ́n bá wà pa pọ̀, apá ọ̀tá ò ní ká wọn. Ṣùgbọ́n àrùn tó ń ràn kì í ṣe irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀. Ibi tí èèyàn bá pọ̀ sí gan-an ló ń wá. Ìdí nìyẹn tí òfin ìyàsọ́tọ̀ fi máa ń le lára wa.

Ẹ wo 1918. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ ojú omi gbé influenza wọ èbúté Èkó. Àwọn wolé-wolé ìjọba òyìnbó ń tojúlé bọ ojúlé, wọ́n ń wá aláìsàn. Kí làwọn èèyàn ṣe? Wọ́n gbé aláìsàn wọn pamọ́, ọ̀pọ̀ sì sá kúrò l'Ékòó. Àrùn náà bá wọn sá lọ. Ẹ má tíì dá wọn lẹ́bi o. Kò sí àyẹ̀wò kankan nígbà yẹn. 1933 ni àwọn onímọ̀ tó rí kòkòrò tó ń fà á lára èèyàn. Ẹni tí wọ́n bá mú lọ ò mọ̀ bóyá àrùn náà ló ń ṣe òun, kò sì mọ ọjọ́ tí òun máa padà. Ta ni ò ní sá?

Nígbà tí Ebola dé ní oṣù Keje 2014, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh kò jẹ́ kí Patrick Sawyer, tó gbé àrùn náà wá láti Liberia, kúrò ní ọsibítù. Àyẹ̀wò fi hàn pé Ebola ni. Wọ́n wá àwọn tó ṣeé ṣe kó ti ràn rí, ó lé ní 800 èèyàn. Wọ́n ń lọ bá wọn nílé, wọ́n ń wo bóyá ara wọn gbóná, fún ọjọ́ 21. Ẹni tó bá ti pé ọjọ́ láìsàn, ó bọ́ nìyẹn. Èèyàn 20 ló kó o, 8 ló kú, Dókítà Adadevoh sì wà lára wọn. Ní October 20, 2014, WHO kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ní 2020, ó kan Ògùn tiwa. Ará Ítálì kan wá ṣiṣẹ́ ní Ewékorò. Ní February 27, àyẹ̀wò jẹ́rìí sí i pé Kòrónà ló ń ṣe é. Ẹnì kejì tí wọ́n rí, ní March 9, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó bá a pàdé, tí wọ́n ti ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ ò rí i pé ètò yẹn ṣiṣẹ́?

Àmọ́ nígbà tó di oṣù Kẹrin, wọ́n ti gbogbo ìpínlẹ̀ pa. Àyẹ̀wò ò tó, la bá di afurasí, tọmọdé tàgbà. Olóbì ní Sábó, bíríkìlà, kọ̀ńdọ́, ẹni tó jẹ́ pé owó òní ló fi ń jẹun òní, wọ́n ní kó jókòó sílé. Oúnjẹ ìrànwọ́ ò sì kárí. Ṣé ebi ò ju àrùn lọ lójú ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún?

Èmi ò sọ pé kí òfin má sí o. Ohun tí ìtàn fi yé wa ni pé ìyàsọ́tọ̀ láìsí àyẹ̀wò, ẹ̀wọ̀n ni lójú aráàlú, ẹ̀wọ̀n sì rèé, sísá là á sá fún un. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, kí ẹni tó bá ní ká jókòó sílé sọ ọjọ́ tá a máa jáde fún wa, kó sì gbé oúnjẹ wá sẹ́nu ọ̀nà.