Ilé Làbọ̀ Sinmi Oko: Ìsinmi Nínú Ilé Etíkun

Ilé làbọ̀ sinmi oko. Àgbẹ̀ ni àwọn àgbà tó pa òwe yìí, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dé Zion Pepe, létíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, agbára rẹ̀ kò dín. Omi loko ibẹ̀. Apẹja tó ti wà lójú agbami láti òru, tí oòrùn ọ̀sán pa, tí iyọ̀ òkun gbẹ mọ́ lára, òun gan-an lòwe náà wà fún. Òwe yìí ya oko sọ́tọ̀, ó ya ilé sọ́tọ̀. Ẹni tí oko bá tẹ̀ lé wọ yàrá kò tíì dé.

Àwọn tó kọ́kọ́ kọ́lé sórí àbàtà Ìlàjẹ mọ èyí. Orí òpó igi ni wọ́n gbé ilé kà, pákó ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀, atẹ́gùn sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Tẹ́ ẹní sórí pákó bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án kí o dùbúlẹ̀. Wàá mọ afẹ́fẹ́ tútù tó ń yọ láàárín pákó kan sí èkejì lẹ́yìn ara rẹ. Àwọ̀n tó tutù, àjẹ̀ àti ẹ̀rọ ọkọ̀, orí pèpéle ìta ni àyè wọn.

Ọgbọ́n wà nínú atẹ́gùn náà. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ máa ń yára gbóná ju òkun lọ, ìdí nìyẹn tí atẹ́gùn fi ń ti òkun fẹ́ wọ̀lú. Tó bá di òru, a dẹ̀, tàbí kó yí padà. Nítorí náà, fèrèsé kan kò tó yàrá. Kí ọ̀kan kọjú sókun, kí èkejì dojú kọ ọ́, kí atẹ́gùn rí ibi wọlé, kó sì rí ibi jáde. Ibi tí a ti ń yan ẹja, ẹ̀yìn ilé tí kò kọjú sókun ló yẹ kó wà, kí atẹ́gùn ọ̀sán máa gbé èéfín lọ dípò kó máa gbé e wọlé.

Imọ̀ ògùrọ̀ tí a fi ń bo ilé láyé àtijọ́ kì í jẹ́ kí ooru wọlé. Páànù ń pẹ́ jù ú lọ, n kò bá ẹni tó lò ó jà, àmọ́ ooru rẹ̀ pọ̀, ariwo òjò sì pọ̀ lórí rẹ̀. Àjà pákó tàbí ti ẹní lábẹ́ rẹ̀ a máa dín méjèèjì kù.

Jẹnẹrétọ̀ ló ń dùn mí jù. Lọ́dún 2009, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Yúróòpù ní kí ariwo òru níta ilé má ju dẹ́síbẹ̀lì 40 lọ. Jẹnẹrétọ̀ abẹ́ fèrèsé ti kọjá ìyẹn dáadáa. Èéfín rẹ̀ tún ní kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì, tí kò lóòórùn, tó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jìnnà sílé, ẹ má tàn án sùn. Ẹni tó bá lágbára sólà, kó rà á, bó tilẹ̀ jẹ́ ti gílóòbù méjì àti fáànù kan.

Ṣùgbọ́n òwe wa gbà pé ilé ṣì wà lórí ìdúró kó tó sọ̀rọ̀ àbọ̀. Ní Ayétòrò, ìlú Ìlàjẹ tí àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ̀dó lọ́dún 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ẹni tó ń fetí sí ìgbì lóru kó lè mọ ìgbà tí yóò kẹ́rù, oorun wo ló fẹ́ sùn? Kò sí ẹní tó tutù tó láti wo ìyẹn sàn. Ìjọba àpapọ̀, ìjọba Oǹdó àti NDDC, àjọ ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, ló ni iṣẹ́ ìdènà òkun yìí. Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ tẹ́ ẹ wà nígboro, ẹ máa bi wọ́n léèrè rẹ̀ títí wọn yóò fi ṣe é.